Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Wárápá: Kó Má Kàn Pariwo Lásán

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ká ní wárápá gbé ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó sì lo ìṣẹ́jú kan kó tó fi í sílẹ̀. Bí mo bá gbé páálí òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, tí mo kọ "Kò sí nǹkan" sí i lára, páálí yẹn á gba máàkì tó lé ní 99 nínú 100, torí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló fi ṣì í. Iṣẹ́ wo ló wá ṣe fún ìyá ọmọ? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi máa ń pa mí bí ẹnì kan bá ń fi "99 nínú 100" polówó ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wárápá.

Iná mànàmáná tín-ín-tín ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ti èèyàn sílẹ̀, ní ìlú Jena lọ́dún 1924. Wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ orí ló ń gbé e jáde bí ìlà. EEG là ń pè é. Lọ́jọ́ tí ara dá, ọpọlọ dà bí ọjà: oníkálukú ń ná tirẹ̀. Bí wárápá bá dé, àfi bíi pé gbogbo ọjà pohùn pọ̀ lójijì, tí wọ́n ń ké igbe kan náà léraléra. Kì í sì í ṣe gbogbo wárápá ló ń gbéni ṣánlẹ̀. Irú kan wà tí ọmọ á kàn tẹjú mọ́ ògiri, tíṣà á ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ìlà ẹlẹ́nu ṣóṣóró ń jáde níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni dókítà sábà máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan jẹ́ ojú ìwé 8,640. Ojú ta ni kò ní ṣú?

A wá ní kí kọ̀ǹpútà bá wa wò ó. Àmọ́ ẹ fún ọmọ ní gúgúrú: iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa fò, wáyà á gbé e, kọ̀ǹpútà á ké "wárápá!" Kó fọ eyín, igbe tún ta. Yàtọ̀ síyẹn, ìlà wárápá tèmi lè jọ ìlà oorun tìrẹ. Ohun tí Ali Shoeb àti John Guttag ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wá ṣe ni pé wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà ní orí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n sọ pé ó mú 96 nínú 100 lára wárápá 173, láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 3, pẹ̀lú igbe èké bíi méjì ní wákàtí 24. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí àwọn ọmọ ní Boston wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí PhysioNet, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ wà á jáde.

Ṣùgbọ́n wáyà gbọ́dọ̀ kan awọ orí ná, irun tiwa sì ki. Lọ́dún 2020, àwọn kan ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà di irun àwọn èèyàn kí ojú pípín rẹ̀ lè bọ́ sí ibi tí wáyà ń lọ. Inú mi dùn sí i gan-an.

Màmá kan bi mí bóyá ẹ̀rọ yìí ń wo wárápá sàn. Rárá, mà. Igbe ló ń ké. Ẹ̀yin lẹ máa sáré wá fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ké lásán nígbà ogún lóru, ẹ̀yin náà lẹ máa pa á.