Èdè kọ̀ǹpútà wo ni kí n kọ́ tẹ̀lé Python?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ Python díẹ̀ ni pé "brọ̀dá, èwo ni kí n tún kọ́ báyìí tó máa mówó wọlé?" Mi ò bá yín jiyàn lórí owó, owó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa jókòó ti èdè kan fún oṣù mẹ́fà gbáko, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń bá mi ṣe tí mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe é?

Python ti wà látọdún 1991, Guido van Rossum ló ṣe é, ó rọrùn torí òun fúnra ẹ̀ ló ń bá yín palẹ̀ mẹ́mórì mọ́, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí tí prógíráàmù bá ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ sí Ruby, èdè tó dáa ni o, àmọ́ òun náà ló ń bá yín palẹ̀ mẹ́mórì mọ́, ilé lẹ pààrọ̀, àdúgbò kan náà lẹ ṣì wà.

Rust lèmi máa ń ní kí wọ́n lọ kọ́. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2006 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla, iléeṣẹ́ tó ṣe Firefox, ẹ̀dà 1.0 ẹ̀ wá jáde ní May 2015. Ẹ wò ó, ní Python tẹ́ ẹ bá ní list kan, ìyẹn àkójọ nǹkan, tó ń jẹ́ a, tẹ́ ẹ wá kọ b = a, ọ̀pọ̀ ló máa rò pé list ti di méjì, rárá o, orúkọ ló di méjì, list ṣì jẹ́ ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan kún b, ó ti wọnú a náà nìyẹn. Òru méjì ni mo fi wá irú àṣìṣe yìí nínú iṣẹ́ oníbàárà kan, iye owó ń yí pa dà, mi ò rí ẹni tó ń yí i. Ní Rust, tẹ́ ẹ bá ti gbé list yẹn fún b, ọwọ́ a ti ṣófo, bí ẹni tó ta ọ̀kadà ẹ̀, kò lè tún gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tún pe a, kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ohun tó ń túmọ̀ kóòdù yín sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ò ní gbà, àṣìṣe E0382 ló máa kọ síbẹ̀ kí prógíráàmù tiẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yá b ni, ìyẹn yàtọ̀: èèyàn púpọ̀ lè jọ wò ó, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tún inú ẹ̀ ṣe, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ dì í mú lásìkò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kọ̀ǹpáílà kàn ń dá mi pa dà ni. Ó sú mi. Àmọ́ nígbà tí mo pa dà sídìí Python, ojú tí mo fi ń wo b = a ti yàtọ̀ pátápátá, nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní nìyẹn.

Go náà dáa fún ẹni tó fẹ́ tètè ríṣẹ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn míì lóhùn) ṣe, Google gbé e jáde lọ́dún 2009, keyword ẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè náà yà sọ́tọ̀ fún ara ẹ̀, ò ju 25 lọ.

Dátà wọ́n, mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi Rust sórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ tẹ àṣẹ rustup doc sí terminal, ìwé àlàyé ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fódà target, níbi tí Rust ń kó ohun tí kọ̀ǹpáílà bá ṣe jáde sí, máa ń gba àyè gan-an, ẹ máa fi àṣẹ cargo clean gbá a. Kẹ́ ẹ wá mú prógíráàmù kan tẹ́ ẹ ti fi Python kọ parí, bóyá èyí tó ń ṣírò owó èsúsú, kẹ́ ẹ fi Rust tún un kọ láti ilẹ̀, iṣẹ́ oṣù àkọ́kọ́ nìyẹn.