Ilà Ojú Jẹjẹrẹ

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa, bó Ìlọrin lẹ ti ń wò mí o, bó Ọ̀fà ni o, bó Òmù-Àrán ni. Láyé àwọn bàbá wa, tí àlejò bá wọ̀lú, ojú ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bó gọ̀mbọ́ ni o bó pélé ni o, ilà yẹn á ti sọ ibi tó ti wá kí wọ́n tó bèèrè orúkọ ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara wa náà nílà. Àwọn púrótéènì tó wà lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì ni.

Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà sí alárùn jẹjẹrẹ lára, ò mọ ilà kankan. Ó ń pa jẹjẹrẹ, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì irun, ó ń pa ti ìfun, ìdí nìyẹn tí irun fi ń re tí èébì ò sì jẹ́ kí wọ́n jẹun, ó máa ń dùn mí gan-an. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá di oògùn sínú nánò, ìyẹn ègé tó kéré débi pé fọ́nrán irun kan fẹ̀ jù ú lọ ní bíi ìlọ́po 1,000, ṣùgbọ́n àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, tún ń gbé e mì lọ́nà.

Ní 2011, Liangfang Zhang àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní University of California San Diego mú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n da inú ẹ̀ nù, wọ́n wá fi awọ ẹ̀ bo nánò, tilàtilà. Ilà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ CD47, òun ló ń sọ fún àwọn sójà pé ẹ má jẹ mí, ọmọ ilé ni mí. Nínú ẹ̀jẹ̀ eku, ó tó bíi wákàtí 40 kó tó dín sí ìdajì, èyí tí wọ́n fi PEG, ìyẹn kẹ́míkà kan, bò bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ò ju bíi 16.

Nígbà tó di 2014, awọ jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ ni wọ́n bó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fẹ́ràn kó máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, oògùn tó bá gbé awọ ẹ̀ wọ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ẹ̀ ló ń lọ. Ibí gan-an ló ti kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ìyá méjì lè ní jẹjẹrẹ ọmú kílà tiwọn má bára mu, tí wọ́n bá sì lo awọ ẹlòmíì, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀. Kókó tí dókítà gé lára ẹ ni wọ́n á bó awọ ẹ̀ fún oògùn tìẹ. Wọ́n tún lè fi awọ yẹn ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, káwọn sójà ara ẹ lè dá ilà ọ̀tá mọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà lára eku, torí náà tẹ́nikẹ́ni bá ní òun ń tà á, ẹ má rà á o. Kẹ́mò tí dókítà kọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbà á lọ.