Ẹ Má Tú Ẹ̀rọ Tí Kò Ráhùn

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan ti mú bíírò jáde láti kọ orúkọ irinṣẹ́ tí wọn yóò lọ rà. Ẹ ní sùúrù ná. Bí a ṣe ń mọ àrùn ẹ̀rọ láìtú u ni mo wá bá yín sọ. Sukudiráfà ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá la máa ń pè wọ́n. Láràárọ̀, kí wọ́n tó mu tíì, wọ́n á mú sukudiráfà gígùn kan, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan ilé bèárìn, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọ́n á sì dijú. Lọ́jọ́ kan, nídìí pọ́ǹpù omi, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́.

"Kí lo gbọ́?"

"Ariwo ni, sà."

"Ariwo wo? Ó ń kùn ni, àbí ó ń ha?"

Mo tún fi etí sí i. Lóòótọ́ ó ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Nígbà tí a tú bèárìn náà, a rí ibi tó ti bó lára òrùka òde rẹ̀. Kò tó orí ìṣó.

Iṣẹ́ tí sukudiráfà yẹn ṣe náà ni sẹ́ńsọ̀ olówó gọbọi, ohun tí a fi ń wọn ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ, ń ṣe. Etí tirẹ̀ ló kàn mú jù. Ẹ jẹ́ ká mú bèárìn 6205, èyí tó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò kéékèèké. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó milimítà 25, bọ́ọ̀lù irin mẹ́sàn-án ló sì wà nínú rẹ̀. Bí òrùka òde bá bó níbì kan, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá kọjá níbẹ̀ ni yóò kọsẹ̀. Bí ọ̀pá mọ́tò bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìkọsẹ̀ náà á ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 3.585. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tiwa níhìn-ín máa ń yí ní bí ìgbà 1,480 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni bí 24.7 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi 3.585 sọ ọ́ di púpọ̀: bí ìkọsẹ̀ 88 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ òrùka inú ló bó, 5.415 ni a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀, á wá di bí 134. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 88 lójú ẹ̀rọ-ìwọ̀n, ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà láìtíì fọwọ́ kan bóòtù kankan. Bí ìgbọ̀nrìrì bá ń wáyé lẹ́ẹ̀kan péré fún yíyí kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ìwúwo fáànù má dọ́gba. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ wo bóyá ọ̀pá mọ́tò àti ọ̀pá pọ́ǹpù wà lójú kan náà.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń yọ 88 kúrò nínú gbogbo ariwo yẹn? Bí ẹni tó mọ ìlù ṣe ń fi etí ya gúdúgúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ìyáàlù ni. Ìṣirò tó ń tú ariwo sí wẹ́wẹ́ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Cooley àti Tukey gbé jáde ní 1965 ló mú un yá fún kọ̀ǹpútà.

Mo wá fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀ka Coastal Command ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin kan: bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti fò fún wákàtí 50, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. C. H. Waddington, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kì í ṣe mẹkáníìkì rárá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye ìgbà tí àwọn ọkọ̀ náà ń bàjẹ́. Ẹ̀yin náà á rò pé kété tí wọ́n bá tọ́jú ọkọ̀ tán ni ìbàjẹ́ yóò kéré jù. Ìgbà náà gan-an ló pọ̀ jù! Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí ló wá ń dín kù. Ọwọ́ tó ń túnṣe náà ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í yà mí lẹ́nu mọ́. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ti ẹ̀rọ pa lákòókò Àjíǹde, a sì tú gbogbo pọ́ǹpù nítorí pé kàlẹ́ńdà ní ká tú wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, méjì nínú èyí tí ara wọn dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Èmi fúnra mi ni mo fi hámà gbá bèárìn ọ̀kan wọlé. Bàbá kò bú mi. Wọ́n kàn gbé sukudiráfà wọn fún mi pé kí n lọ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Àwọn Nowlan àti Heap ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú United Airlines tún fi òǹkà tì í lẹ́yìn ní 1978: nínú àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ogbó ń mú kó bàjẹ́. Ìdá 89 tó kù kò ka ọjọ́ orí sí. Kí wá ni kàlẹ́ńdà fẹ́ sọ fún wa nípa wọn?

Kámẹ́rà tó ń rí ooru dára fún pánẹ́ẹ̀lì iná, nítorí ojú wáyà tó tú díẹ̀ máa ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹrù, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń fa iná, wà lórí iná náà kí ẹ tó yà á, ẹ má sì gba kọ́pà tó ń dán gbọ́. Irọ́ ló ń pa fún kámẹ́rà. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn, ẹ wá wo ojú téèpù. Ní ti ọ́ìlì, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò: irin tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ fi hàn pé nǹkan ń jẹra, sílíkọ́nì sábà máa ń jẹ́ eruku. Lásìkò ọyẹ́, fílítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ara rẹ̀. Ó wúlò, n kò ní parọ́. Yunifásítì Case Western Reserve ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ ìgbọ̀nrìrì bèárìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, 6205 yìí sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi kọ́ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rí. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni wọ́n fi gbẹ́ ihò sára bèárìn wọ̀nyẹn, èyí tó kéré jù fẹ̀ tó milimítà 0.18. Kì í ṣe gírísì tó gbẹ, kì í ṣe omi òjò, kì í ṣe hámà tèmi. Iná tiwọn sì ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ní ìgbà 50. Mọ́tò wọn ń yí tó ìgbà 1,797 ní ìṣẹ́jú kan láìgbẹ́rù, nítorí náà àrùn tó ń lu 88 lọ́dọ̀ wa, bí 107 ló ń lù lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá gbé e wá láìṣe ìṣirò tuntun, ibi tí kò sí nǹkan ni yóò máa wò.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ojú ibi kan náà lára ẹ̀rọ, ẹ máa wọn ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ ẹrù kan náà, láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti dá.

Nígbà tí a fàyè gba ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, jẹnẹrétọ̀ ni à ń lò láàárọ̀, iná ìjọba máa ń dé lọ́sàn-án. Òǹkà wa kì í bára mu." Mo ní ó rí i dáadáa: bí ẹrù orí jẹnẹrétọ̀ bá yí padà, eré rẹ̀ lè yí padà, mọ́tò á sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n máa kọ eré mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo òǹkà. Ó ní àwọn ò ní ohun tí wọ́n fi ń ka eré. Tákómítà kékeré kan wà nínú àpò mi. Mo fà á lé e lọ́wọ́.