Ìwúwo Ló Ń Mú Ọ̀pá Ẹ̀yìn Dúró

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀yìn kan le tàbí pé ó rọ̀, ẹ bi í léèrè: ìwúwo wo ló wà lórí rẹ̀, ó sì ti tó wákàtí mélòó tó ti wà níbẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìbàdí ni ká mú. Eegun márùn-ún ló wà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjì, wà níwájú, oríkèé kéékèèké méjì wà lẹ́yìn. Bí a bá yọ ọ̀pá ìbàdí òkú, tí a bó gbogbo iṣan ara rẹ̀ kúrò, tí a wá gbé ẹrù lé e lórí, kò ní gbé tó 100 Newton, ìyẹn nǹkan bíi kílò 10, kó tó ká kò. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó kàn dúró lásán ti gbé ju ìyẹn lọ. Iṣan ló ń ṣe é: ó ń fa eegun mọ́ eegun, ipá náà sì ń bá ọ̀pá ẹ̀yìn yí níbi tó bá ti yí. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: bí okùn bá dẹ̀, ó rọ jọwọlọ; bí a bá fà á le, ó gan. Ní 1999, olùwádìí Patwardhan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi wáyà fa ọ̀pá ìbàdí lọ́nà yìí, ó sì gba 1200 Newton láìká kò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn olùwádìí kan jà. Wọ́n á gbé eegun sórí ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ fún un ní ìwúwo kankan, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, wọ́n á kọ dìgírì sílẹ̀, wọ́n á ní bí ẹ̀yìn alààyè ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀! Oríkèé tí ìwúwo kò sí lórí rẹ̀ máa ń yẹ̀ síbí yẹ̀ sọ́hùn-ún. Bí ìwúwo bá ti dé, àyè yẹn á fún.

Ìyá kan béèrè láti àárín èrò: “Ọ̀gá, ìgbálẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ mú láàárọ̀, kò sì wúwo. Kí ló dé tí ìbàdí fi ń ro mí?”

Ìyá wa, ẹ ti gbé mi débi tó yẹ kí n ti dé. Ìgbálẹ̀ kò wúwo, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ara yín ló wà lókè ìbàdí, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aago ló tún dá kún un. Lóru, dísìkì ń fa omi. Ní Jámánì, olùwádìí Wilke wọn ìfúnpá inú rẹ̀: láàárín wákàtí méje oorun, ó gòkè láti 0.1 sí 0.24 megapascal. Dísìkì tó kún yìí ti na àwọn okùn tó so eegun pọ̀. Adams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1987 pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìnira tó ń bá dísìkì fi nǹkan bí ìdá 300 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ̀yìn dísìkì, níbi tó ti tín-ín-rín, ló ń nà. Ibẹ̀ náà ló sábà máa ń ya.

Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ìwúwo ti fún omi jáde, a sì lè tẹ̀ ní nǹkan bíi dìgírì márùn-ún sí i. Ṣùgbọ́n oríkèé ẹ̀yìn á wá gbé ìwúwo ju ti àárọ̀ lọ.

Ní 1998, olùwádìí Snook ní kí àwọn tí ẹ̀yìn ń ro má bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn jíjí. Ìrora wọn dín kù. Ìyá wa, ẹ fi igi gígùn bọ ìgbálẹ̀ nídìí, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ rìn, kí ẹ dáná, kí ilẹ̀ dúró. Bí omi ṣe ń jáde nínú dísìkì, bẹ́ẹ̀ là ń kúrú díẹ̀; nínú wákàtí kìíní tí a bá dìde ni èyí tó ju ìdajì gíga tí à ń pàdánù lóòjọ́ ń lọ.

Àkókò ti tán. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 nìkan ló kù: bí ó bá jìnnà sí ẹ̀yìn ní sẹ̀ǹtímítà 40, iṣan tó wà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré sí oríkèé gbọ́dọ̀ fa nǹkan bí 2000 Newton. Ẹ fà á mọ́ra dé 20, ó di 1000. Bí kò bá ṣe é fà mọ́ra, ẹ pín omi náà sí méjì.