Ọ̀bẹ Ló Ń Bo Ojú Rírán, Kì í Ṣe Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá kan sọ ní Pennsylvania nìyí, nípa iṣẹ́ mi: fífi awọ ẹran tó ti kú bo ère, kó dà bíi pé ó ṣì wà láàyè (taxidermy ni òyìnbó ń pè é). Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bẹ̀rù ohun tí mo gbé sórí tábìlì yìí. Orí àgbọ̀nrín méjì ni, wọn ò lè kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ Màmá kan tó ti ń ránṣọ fún ogójì ọdún pé kí wọ́n bọ́ síwájú, kí wọ́n fi ìka wá ibi tí a ti rán awọ náà lẹ́yìn ọrùn. Lórí èkíní, ìka wọn ò tíì dé ìpàkọ́ tán tí wọ́n fi ní, "Òun rèé." Ìlà funfun tín-ín-rín kan là láàárín irun, bí ìgbà tí èèyàn ya irun orí sí méjì. Lórí èkejì, wọ́n wá a, wọ́n wá a, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n tún un wọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí irun náà sódì ni wọ́n tó rí òwú. Wọ́n wá padà sí èkíní, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ta ló gé èyí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Wọn ò ní "ta ló rán èyí?" Ibi tí mo ń lọ gan-an ni wọ́n ti dé ṣáájú mi.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ńṣe ni wọ́n ń ki nǹkan sínú ẹran tó kú. Láyé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni: koríko àti àkísà ni wọ́n ń kì sínú awọ títí tí yóò fi yọ ikùn bí àpò gàrí. Carl Akeley, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe iṣẹ́ yìí, wà lára àwọn tó yí i padà. Amọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ, pẹ̀lú iṣan àti egungun bí wọ́n ṣe yọ lára ẹran tó wà láàyè. Láti ara amọ̀ yẹn ni yóò ti ṣe ère fífúyẹ́ tí awọ máa bò. Bí ẹ bá dé ilé àkójọ Field Museum ní Chicago, ẹ lọ wo àwọn àgbọ̀nrín rẹ̀ tó fi ṣe àfihàn ìgbà mẹ́rin inú ọdún, tó parí ní 1902. Delia ìyàwó rẹ̀ bá a ṣe nínú ewé igi tó wà níbẹ̀. Èmi máa ń pẹ́ níwájú ti ìgbà ooru. Irun àgbọ̀nrín nígbà ooru kúrú, ó pọ́n, ó sì lẹ̀ mọ́ awọ. Ojú rírán ò ríbi sá sí. Tí òtútù bá ń bọ̀ ni irun aláwọ̀ eérú tó nípọn ń hù, tí inú rẹ̀ ṣófo bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Irun òtútù yẹn máa ń dárí jin oníṣẹ́.

Lónìí, fóòmù líle tí wọ́n ti ṣe bí orí àti ọrùn ni à ń rà. (Mo ń pe ẹran ibí yìí ní àgbọ̀nrín nítorí pé a ò ní orúkọ mìíràn fún un. Ìwo àgbọ̀nrín ilé wa kì í já bọ́. Ti ibí yìí ní ẹ̀ka, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ tí òmíràn ń hù.)

Orí tí a bá gbé kọ́ ara ògiri, iwájú àti abẹ́ ni èèyàn ti ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la awọ láti ẹ̀yìn: láti èjìká, gba orí ọ̀pá ẹ̀yìn, dé ìpàkọ́, kó tó pín sí méjì bí igi rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, ọ̀kan sí ìdí ìwo ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì. Ọdẹ tó bá dúńbú ẹran lọ́fun ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó délé.

Ẹnu ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ awọ, kẹ́ ẹ máa là á láti inú bọ̀ síta. Awọ nìkan ni ọ̀bẹ á gé. Irun á yà fún un bí èrò ọjà ṣe ń yà fún ọmọlanke. Ẹni tó bá gé e láti òkè, irun ló kọ́kọ́ ń gé, irun náà ò sì ní hù mọ́, ẹran ti kú. Bó ti wù kéèyàn rán an tó, á dúró ṣánṣán bí irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta. Irun dúdú díẹ̀ máa ń tò gbọọrọ lórí ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn. Àárín rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbà. Tẹ́ ẹ bá yà bàrá, apá kan á dúdú, apá kejì á mọ́, ojú á sì rí i láti òkèèrè.

Ti iyọ̀ àti fíríìjì, mo máa yára kọjá: tí awọ bá ti ń rà, irun á máa tú lọ́wọ́, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè bo ibi tó pá.

Ó yá, Màmá: èmi ni mo gé e. Ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́ yìí ni. Oníbàárà kan gbé awọ wá, ó ku ìpàkọ́ kí wọ́n là. Mo gbé ọ̀bẹ, mo là á láti òkè, nítorí pé mo ń kánjú. Ó ní òun fẹ́ ọrùn tó ki pọ́pọ́, bíi ti akọ tó ń wá abo kiri ní oṣù kọkànlá. Mo wọn awọ náà, láti imú dé igun ojú, mo yí téèpù po ọrùn lẹ́yìn etí. Téèpù sọ òótọ́ fún mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ra fóòmù tí ọrùn rẹ̀ fi íǹṣì kan àbọ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fa awọ, mo rán an, òwú ń ké. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó rẹwà, mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó gbẹ, ó là.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àyàn rí nígbà tí wọ́n ń fi awọ bo ìlù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Awọ tútù tí a nà máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, á sì fa ohun tó bá dì í mú. Ìlù fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dún. Ojú rírán ò fẹ́ ẹ rárá. Mo dá owó oníbàárà padà, mo gbé orí náà kọ́ sí gáréèjì mi, ibẹ̀ ló ti ń wò mí látìgbà náà.

Ká wá dé ìdí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́ta ni, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò, àti òwú líle tí a fi ìda pa. Inú awọ ni abẹ́rẹ́ ti ń jáde síta nígbà gbogbo: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí wọ́n ti ń rán bọ́ọ̀lù baseball àwọn ará ibí. Tó bá gba ojú irun wọlé, á kó irun dání wọ ihò, ibẹ̀ á sì há pinpin. Tó bá ti inú wá, ńṣe ló ń ti irun síta. Mìlímítà 3 sí etí awọ, mìlímítà 6 síra wọn, ìwọ̀n tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mo máa ń dúró, kí n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yọ irun tó há sábẹ́ òwú, kí n tó fà á le. Ibí yìí ló máa ń sú ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó sú wọn, kí wọ́n ṣáà ṣe é.

Ìpàkọ́, níbi tí ìlà mẹ́ta ti pàdé, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí inú awọ, ọ̀tún kọjú sí òsì, kí n má lọ dé èjìká kí n wá rí i pé apá kan ti gùn ju ìkejì lọ. (Àwọn télọ̀ rẹ́rìn-ín níbí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn.) Ní ìdí ìwo, awọ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ etí egungun tó yọ síta yẹn, ká dì í mú níbẹ̀, torí ó máa ń fẹ́ sá sẹ́yìn tó bá ń gbẹ.

Gọ́ọ̀mù abẹ́ awọ ṣì tutù ní àkókò yìí, awọ ṣì ń yọ̀ lórí fóòmù. Mo á ti awọ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí ojú rírán kó rọ̀, mo á fi igi kékeré lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ kó pẹlẹbẹ, mo á ya irun láti ìpàkọ́ lọ sí èjìká, bó ṣe hù. Kò tán síbẹ̀ o. Àràárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan ni mo ń lọ wò ó, kí n tẹ ibi tó bá fẹ́ gbéra padà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè bóyá kò sí nǹkan tí wọ́n ń tà tí a lè fi dí i. Ó wà. A tún lè gé irun lára àjákù awọ kan náà, ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Mo ti ṣe é rí, wákàtí mẹ́rin ni mo lò fún ibi tí kò gùn tó ìka mi. Pẹ́ńtì ní tirẹ̀, awọ ló lè kùn, kò lè ṣe irun. Ẹlòmíràn ní, ṣebí ògiri á bo ẹ̀yìn? Fún orí ara ògiri, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fẹ́ kí á gbé e sórí òpó láàárín pálọ̀ kí àlejò máa rìn yí i ká, àwọn adájọ́ níbi ìdíje sì ń mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Nígbà tí à ń kó àga, Màmá tún padà wá. Wọ́n ní kí n fún wọn ní àjákù awọ àti abẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ojú irun sókè bí ẹni ń rán aṣọ, wọ́n gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Irun kó wọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n pòṣé, wọ́n tú u, wọ́n da awọ náà dojú dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti inú.