Alùpùpù Àkọ́kọ́ fún Eré Ìje: Ẹ Ra Èyí Tí Apá Yín Ká

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù sáré ìje lórí pápá, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, èwo ló yára jù nínú èyí tí owó mi ká? Mi ò ní dáhùn ìyẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, bí mo bá gbé màṣíìnì yìí ṣubú lọ́sàn-án Sátidé, ṣé apá mi á ká àtúnṣe rẹ̀, kí n sì tún padà sórí pápá lóṣù tó ń bọ̀? Torí pé kò sẹ́ni tó ń sáré ìje tí kì í ṣubú. Màṣíìnì tẹ́ ẹ bá ń ṣìkẹ́ torí owó tẹ́ ẹ kó lé e lórí, ẹ̀rù rẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ná ju ìdajì owó mi lórí màṣíìnì fúnra rẹ̀. Aṣọ awọ tó so pọ̀ látòkè délẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ìbọ̀wọ́, bàtà gígùn àti ohun tó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn tún wà níbẹ̀. Taya ń jẹ, bíréèkì ń jẹ, owó ìforúkọsílẹ̀ ń dúró, ọkọ̀ tó máa gbé màṣíìnì dé pápá náà kò ní gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ awọ àlòkù kò burú bí ojú rírán rẹ̀ bá ṣì le. Akoto àlòkù ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ó lè ti forí gbálẹ̀ rí kó má hàn lójú.

Ó yá, màṣíìnì wo? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré lọ bá 600cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), bíi Yamaha R6 tàbí Honda CBR600RR, torí pé àlòkù wọn pọ̀ lọ́jà, owó wọn sì lè jọ ti kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. R6 lágbára ju 100 hp lọ, ìyẹn agbára ẹṣin ọgọ́rùn-ún. Taya ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 180, ó wọ́n lówó, kì í sì í pẹ́ jẹ tán lórí pápá. Èyí tó tún burú jù ni pé agbára yẹn máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ lè wọ kọ́nà ní ìwọ̀kuwọ̀, kẹ́ ẹ fún un níná lójú ọ̀nà tó tọ́, kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n gùn. A kì í sì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni nígbà tọ́wọ́ ẹni ò tíì tẹ èèkù idà.

Màṣíìnì kékeré kì í gbà fúnni bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi bíréèkì pa eré rẹ̀ jù nínú kọ́nà, kò sí iná tẹ́ ẹ máa fún un tó máa tètè dá eré náà padà. Ẹ máa wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń kọjá ni. Ìyà kékeré yẹn ló ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbé eré wọ kọ́nà. Kawasaki Ninja 300 tó jáde fún ọdún 2013, Yamaha R3 ti 2015, àti Ninja 400 ti 2018 ni mo máa kọ́kọ́ wá. Ninja 400 ní nǹkan bíi 45 hp, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju bíi kílò 168 lọ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi wọ́n pe ohun ìṣeré ọmọdé. Irú wọn ni wọ́n lò nínú ìdíje àgbáyé Supersport 300 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, tó sì parí lọ́dún 2025, Ninja 400 sì ni Ana Carrasco ará Sípéènì gùn gba ife rẹ̀ lọ́dún 2018, òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé nínú eré alùpùpù ojú pápá ẹlẹ́nìkan. KTM RC390 náà dáa, ara rẹ̀ fúyẹ́. Bẹ́ ẹ bá ga tàbí ẹ sanra, ẹ wo Suzuki SV650, tó ti wà láti 1999. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le bí òkúta, àlòkù rẹ̀ pọ̀, àmọ́ fóòkù iwájú àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ jù fún ìje, ẹ máa ní láti náwó síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó o, ẹ ka ìwé òfin ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá sáré. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pín màṣíìnì sí ìsọ̀rí, kò sì dáa kẹ́ ẹ ra èyí tí ìsọ̀rí rẹ̀ kò lẹ́ni tẹ́ ẹ máa bá du.

Lójú tèmi, èyí tí ẹlòmíràn ti tò fún ìje sàn ju ti ojú títì lọ. Ẹni tó ra ti ojú títì máa yọ iná, dígí àti stándì kúrò. Ó máa ra ìkarahun mìíràn, ìyẹn ike tó bo ara màṣíìnì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gba ọ́ọ̀lì tó bá ń jò kó má dà sójú pápá. Ó máa lu ihò sórí nọ́ọ̀tì ọ́ọ̀lì, á sì fi wáyà dè é kó má tú. Ó máa da omi aláwọ̀ inú rédíétọ̀ nù, á fi omi lásán rọ́pò rẹ̀, torí pé èyí tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ń yọ̀ bíi ọṣẹ bó bá dà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta màṣíìnì ìje ti ná gbogbo owó wọ̀nyí tán, kì í sì í rí ìdajì rẹ̀ gbà padà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé màṣíìnì náà á ti ṣubú rí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe ṣubú. Ara tó ha kì í ṣe nǹkan. Ẹ tẹ̀ balẹ̀ síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọrùn férémù níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń dúró bẹ́ ẹ bá yí i dópin. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá a dúró. Bó bá ti tẹ̀ tàbí ó ti kán, ìṣubú náà le gan-an, ẹ kí onítọ̀hún, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ rọra yí ọwọ́ ìdarí lọ sótùn-ún sósì. Bó bá ń há láàárín, bíárì ọrùn ti jẹ. Ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin férémù pọ̀, pàápàá ibi tí ọ̀dà ti ń là. Ẹ fi ìka nu ẹsẹ̀ fóòkù. Bí ọ́ọ̀lì bá lẹ̀ mọ́ ọn, síìlì ti lọ, ìyẹn ò sì tó nǹkan láti tún ṣe, àmọ́ ẹ fi dúnàádúrà. Bí ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin lára taya: 2322 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022. Taya tó ti pẹ́ máa ń gan, kì í di ilẹ̀ mú, bó tiẹ̀ ṣì ní ẹran lára.

Màṣíìnì ìje kì í sábà ní ìwé ojú títì, nítorí náà ẹ gba ìwé títà, kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ara férémù bá a mu, kẹ́ ẹ má lọ ra ẹrù olè.

Ẹ bèèrè pé kí ló tún wà nílé. Ẹni tó ń fi eré ìje sílẹ̀ máa ń ní rímù kejì, ìkarahun àfipamọ́, líbà bíréèkì, sprocket (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) oríṣiríṣi, nígbà míì ó tún máa ń ní ẹ̀rọ tó ń mú taya gbóná. Kí ẹ tó gbà láti san iye tó dá lé e, ẹ ní kó kó gbogbo rẹ̀ kún un.