Ìgbátí Òrùlé àti Ọkọ̀ Tó Fẹ́ Gbéra

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. A ò jí re bí?

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 22:8

Ẹsẹ yìí kọ́ la sábà máa ń kà nínú mọ́tò. Sáàmù 121 la mọ̀ sí àdúrà ọ̀nà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Diutarónómì, Ọlọ́run ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí, ìyẹn ògiri kúkúrú, yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Kò ní kí onílé kàn máa gbàdúrà kí àlejò má ṣubú. Ìgbátí ni iṣẹ́ onílé. Ìwọ tí o ni ọkọ̀, ìwọ tí ò ń wà á, bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì àti oorun tó tó ni ìgbátí tìrẹ.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í pẹ́ tí a ó fi sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ẹnikẹ́ni ò ní ayé ò sí. Àmọ́ ọkọ̀ tí páàdì bíréèkì rẹ̀ ti jẹ kan irin kò nílò àjẹ́ kankan kó tó pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí òkè, torí òkè ló pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá ti Iléṣà gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè wá sí Adó mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń lọ́ tó sì ń dà gẹ̀rẹ́. Àwọn awakọ̀ kan máa ń fi jíà sí fírí níbẹ̀ kí epo má baà tán. Bí jíà bá ti wà ní fírí, ẹ́ńjìnnì ò fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́, bíréèkì nìkan ló kù tó ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, páàdì á gbóná, òórùn jíjóná á kọ́kọ́ yọ. Òróró bíréèkì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́ jù, ooru yẹn á mú kí omi inú rẹ̀ hó, ẹsẹ̀ á kàn máa rì lórí bíréèkì, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pariwo pé bíréèkì ti féèlì.

Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kí o ti fi jíà sí ìkejì. Tẹ bíréèkì kó mú dáadáa, kí o tún jọ̀wọ́ rẹ̀, má fi ẹsẹ̀ lé e gbére. Pààrọ̀ òróró rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Kí o sì máa wo ike rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: bó bá ń lọ sílẹ̀ sí ìlà MIN, yálà páàdì ti ń jẹ tán ni tàbí ó ń jò níbì kan. Jẹ́ kí mẹkáníìkì wá ìdí rẹ̀ kó tó bu òmíràn sí i. Bí bíréèkì bá wá féèlì lóòótọ́, máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, fi jíà sílẹ̀ sí èyí tó kéré, kí o sì máa fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fà á lójijì, ọkọ̀ lè yí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti táyà, ọ̀pọ̀ ló gbà pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń bẹ́ ẹ. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà, á gbóná, inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Òwúrọ̀ ni kí o wọn ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye gééjì tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Má jẹ́ kí fọkanáísà máa fojú díwọ̀n fún ọ. Tí o bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 3518 ni ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2018. Dídán tó ń dán kì í ṣe ọjọ́ orí. Bó bá bẹ́ lórí eré, di ìdarí mú gírígírí, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, jẹ́ kí ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Má tẹ bíréèkì lójijì.

Èyí tó kù yìí, ọ̀rọ̀ oorun, àwa tí à ń lọ sí ìṣọ́ òru ló bá wí jù. Lórí eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń lọ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá tòògbé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré, mítà 88 ni ọkọ̀ ti rìn láìní awakọ̀. Bí o bá ń yán léraléra, tàbí tí o ò rántí ìgbà tí o kọjá ìlú tó wà lẹ́yìn, o ti ń sùn nìyẹn. Rédíò àti fèrèsé ṣíṣí kì í lé oorun lọ. Obì pàápàá kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Yà sí ilé epo tó mọ́lẹ̀, sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wakọ̀ sùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì kílẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá bá jàǹbá pàdé, kó pe Road Safety sórí 122. Ẹ má fa ẹni tó ṣèṣe lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ bí iná ò bá ń jó, ẹ má sì bu omi sí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, Ìwọ tó ń pa àlọ àti àbọ̀ mọ́, a fi ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lé ọ lọ́wọ́, àti ti Ìfàkì, àti ti Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n. Má jẹ́ ká ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ikú.

Baba, ẹni tó mọ̀ pé táyà òun ti sán, tó sì tún fẹ́ kó èrò lónìí, dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Bí owó ló ká a lọ́wọ́ kò, ṣí ọ̀nà owó fún un.

Fún àwọn mẹkáníìkì wa ní ẹ̀rí ọkàn tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú páàdì fún wa.

Fún èrò ọkọ̀ ní ẹnu láti sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra, kí o sì fún dírẹ́bà ní etí tí yóò fi gbọ́ láìbínú.

Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láàárọ̀ yìí nítorí jàǹbá, jẹ́ kí egungun wọn jinná, kí o sì pèsè owó ìtọ́jú. Tu ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ nínú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.